Fèrè Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Ń Pe Àníkẹ́

Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú fóònù kan tó já sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ní ìsọ̀ mi ní Láfẹ́nwá, nígbà tí màmá mi pè mí. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn.

"Sìdí, Màmá Àgbà ní àwọn ò ní jáde lọ́jọ́ Iléyá o. Wọ́n ní ká gbé oúnjẹ àwọn wá bá àwọn ní yàrá, kí kálukú máa bá ọdún rẹ̀ lọ."

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Màmá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, àwọn ni wọ́n máa ń pín ẹran ọdún nílé wa. Bí wọn ò bá tíì fọwọ́ kan àwo, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gé nínú rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí ojú wọn ti lọ. Bàbá mi wá kó àwọn àti Bàbá Àgbà kúrò nílé àtijọ́ tó wà lẹ́bàá ojú irin ní Láfẹ́nwá, wọ́n kó wọn lọ sílé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Kọ́bapẹ́. Ilé náà dára. Omi ń yọ nínú rẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn tí arúgbó máa fẹsẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí wọ́n ti débẹ̀ ni Màmá Àgbà ti ń sún mọ́ ògiri. Wọn ò ṣàìsàn. A bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Ibí yìí ò ní ohùn. Mi ò mọ ibi tí mo wà."

Kí n tó fèsì, mo gbọ́ tí Bàbá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ màmá mi.

"Sìdí."

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá."

"Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo ń kàn ti parí. Ó ń rìn. Ṣùgbọ́n odi ni. Ìwọ tó o máa ń mú fóònù tó ti kú sọ̀rọ̀, wá mú òun náà sọ̀rọ̀ kó tó di Iléyá. Mo fẹ́ kó lọ bá mi pe Àníkẹ́ jáde."

Àníkẹ́ ni oríkì Màmá Àgbà. Bàbá Àgbà nìkan ló kù láyé tó ń fi í pè wọ́n.

Ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ni ìwé tèmi dé. Mo fẹ́ kà sí i, ṣùgbọ́n oyún Àlíyà ọmọ mi ló kọ́kọ́ wọlé. Mi ò kábàámọ̀ ọmọ náà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kábàámọ̀ àwọn nǹkan míì. Mo bá kọ́ṣẹ́ fóònù. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, mo lè fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ kí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi má jí. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá ní kí n wá, mi ò rò pé iṣẹ́ ńlá ni. Mo mú Àlíyà nílé wa ní Adígbẹ, ọmọ ọdún méje ni, ó di Kọ́bapẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ óò ka èyí, ọkọ̀ ojú irin tí ẹ mọ̀ ni èyí tuntun, tó ń fi ẹ̀rọ amúlétutù gbé èèyàn lọ sí Èkó, tí baba ọmọ mi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó lè jókòó síbẹ̀ kó máa tẹ fóònù, kó má mọ̀ pé òun ti kọjá Ìfọ̀. Ti Bàbá Àgbà yàtọ̀. Èédú ló ń jẹ, omi ló ń mu, ó sì ń mí bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kó èédú síná ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó di awakọ̀. Títí di òní, apá wọn ọ̀tún tóbi ju tòsì lọ.

Lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ni a jókòó sí, kí Màmá má baà gbọ́. Bàbá gbé ọkọ̀ náà lé mi lẹ́sẹ̀. Kò gùn ju ìgúnpá dé orí ìka mi lọ. Agolo tòmátò mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, bọ́tìnì kóòtù iṣẹ́ wọn àtijọ́ ni iná iwájú. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdérí ìgò tí wọ́n yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí kó lè wúwo. Mọ́tò kékeré inú ọkọ̀ ìṣeré Àlíyà tó ti bàjẹ́ ló ń yí i. Irin agboòrùn tó ti ya ni wọ́n sì fi ṣe ojú irin, wọ́n tò ó yí pálọ̀ ká.

Mo wá ohùn ọkọ̀ eléèédú kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kó o sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Mo fi pátákó kékeré kan gbé e, irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò tó ń ka káàdì, mo so súpíkà fóònù mọ́ ọn, mo kì í sínú agolo. Nígbà tí mo tàn án, Àlíyà pàtẹ́wọ́. Bàbá gbórí ka ọwọ́, wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ọkọ̀ àwọn wo nìyí?"

"Ọkọ̀ òyìnbó ni, Bàbá."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Èdè wọn ló ń sọ. Àti pé òpùrọ́ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré, èémí rẹ̀ ń rìn gbẹ̀rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ tèmi bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń mí. Kì í ṣe mẹ́ta, kì í ṣe márùn-ún."

Bí a ṣe pa ohùn òyìnbó rẹ́ nìyẹn. Mo tú etí fóònù tó ti kú mẹ́rin, mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú wọn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ kan yíká. Ìgbàkígbà tí ọ̀kan bá kọjá níwájú pátákó, ọkọ̀ á mí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá rọra, á mí jẹ́jẹ́; bó bá sáré, á mí kíkan. Bàbá fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n mi orí.

Ohùn wá kù. Kò sẹ́ni tó gba ohùn ọkọ̀ Bàbá sílẹ̀ láyé ọjọ́un; ta ló ní fóònù? Wọ́n ní ká fọwọ́ ṣe é. Mo gbé fóònù mi sílẹ̀ kó máa gbà á. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ ha ẹ̀yìn agolo wàrà, ìyẹn èémí. A gbé páànù ìdínkàrà kaná títí ó fi pọ́n, a wọ́n omi sí i, ó ṣe ṣááà, ìyẹn ooru omi gbígbóná tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá di ojú wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ìyẹn.

"Ẹ ti sún mi dé ìdí iná," ni wọ́n wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kì í ṣe fún èmi nìkan.

"Láfẹ́nwá ò fi bẹ́ẹ̀ ní aago nígbà náà. Ọkọ̀ ni aago. Ti àárọ̀ bá fọn, àwọn ọmọ ilé kéú á mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé wàláà sílẹ̀. Ti ọ̀sán bá fọn, gbogbo obìnrin tó sá aṣọ funfun á máa sáré, nítorí eérú wa ò mọ aṣọ ọdún yàtọ̀ sí àkísà. Wọ́n ti ṣépè fún mi lẹ́bàá ojú irin yẹn ju bí wọ́n ṣe kí mi lọ. Ìyá kan tiẹ̀ mú gèlè tó dúdú wá bá mi ní ibùdókọ̀. Ó ní kí n wé e kí òun wò ó bóyá ó yẹ mí."

"Ṣé ẹ wé e, Bàbá?" Àlíyà ló bi wọ́n.

"Mo wé e. Ó yẹ mí."

Wọ́n fi ọwọ́ nu ẹnu. "Bó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan sí Iléyá, ẹ óò gbọ́ àgbò kí ẹ tó gbọ́ ọkọ̀. Láti òkè Ọya ni a ti ń kó wọn bọ̀. Lọ́dún kan, ọ̀kan fò bọ́ sílẹ̀ bí a ṣe kọjá afárá odò Ògùn. Ó sáré wọ mọ́sáláṣí, ó lọ dúró sí ìlà kìíní. Àwọn èèyàn fẹ́ lé e. Lèmọ́mù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní àgbò náà mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú, ẹ jẹ́ kó gbàdúrà. Lónìí ńkọ́? Àgbò ń bọ̀ nínú tírélà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ò ní gbọ́ ọ àfi bí wọ́n bá so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni."

"Fèrè náà ńkọ́, Bàbá?" ni mo wí, torí bátìrì fóònù mi ń lọ.

"Fèrè." Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n di okùn kan mú tí èmi ò rí. "Òkè orí awakọ̀ ni okùn rẹ̀ wà. Fà á díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa mú wá. Fà á kanlẹ̀, ohùn òkè. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fà á. Èmi, bí mo bá ti gun afárá, díẹ̀, kanlẹ̀, kanlẹ̀. À-ní-kẹ́. Gbogbo Láfẹ́nwá mọ̀ ọ́n. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, omi ìwẹ̀ mi ti ń hó lórí iná. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ojú bá ti wá lọ, Sìdí, etí ló kù tí a lè bá lọ."

Ìgò méjì ni a fi ṣe é, ọ̀kan ṣófo fún ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní omi fún ohùn òkè. Eyín iwájú Bàbá ti lọ, afẹ́fẹ́ kàn ń gba àárín rẹ̀ jáde ni. Àlíyà ló wá fọn ọ́n, Bàbá sì ń fa okùn wọn lójú afẹ́fẹ́ kó lè mọ̀gbà. Díẹ̀, kanlẹ̀, kanlẹ̀. Ó ṣe é bí ìgbà mẹ́wàá kí Bàbá tó ní ó tó.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí Iléyá, mo ti kó ohùn tí a gbà sílẹ̀ sínú káàdì, a sì gbé ọkọ̀ sórí irin agboòrùn ní pálọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí díẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mo tan ọkọ̀. Fàkàfìkì, fàkàfìkì, ó yí tábìlì, ó kọjá lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó fọn fèrè.

"Bàbá Ràṣídì." Ohùn Màmá ló ti yàrá wá. Ràṣídì ni bàbá mi.

"Hẹn-ẹn, Àníkẹ́."

"Ta ni Bísí?"

Bàbá wò mí. Mo wo ọkọ̀.

"Bísí wo?"

"Èyí tí ọkọ̀ yín ń pè."

"Orúkọ rẹ ló ń pè."

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni orúkọ mi ní, méjì ni mo gbọ́. Òkè, òkè. Bí-sí. Ṣé Bísí ọlọ́sàn Ìfọ̀ yẹn náà ni?"

"Àníkẹ́, ọsàn lásán ni mo máa ń rà lọ́wọ́ ọmọ yẹn."

"Ọsàn. Ẹ̀ ń ra ọsàn lóṣù tí ọsàn ò sí lórí igi."

Màmá mi ti sá wọ ilé ìdáná, mo gbọ́ tí wọ́n fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bàbá rọra yíjú sí mi. "Sìdí, o ti tú ilé mi ká."

"Ẹ jẹ́ kó tún fọn ọ́n, Màmá," ni mo wí. Ó tún yí ká, ó tún fọn ọ́n, mo sì gbọ́ ọ fúnra mi bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Bí-sí.

"Ẹni tí ọkọ̀ ń pè ni kó jáde," ni Màmá wí. Ilẹ̀kùn sì pa dé.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ wọn ọjọ́ yẹn pọ̀ ju èyí tí wọ́n ti sọ látìgbà tí wọ́n ti kó dé Kọ́bapẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá pa dé. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ò jẹun rárá.

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìsọ̀. Mo fi ìyapẹ́ẹ̀sì sétí, mo gbọ́ ohun tó wà nínú káàdì. À-ní-kẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ó nípọn, mo tiẹ̀ gbọ́ èémí Àlíyà lẹ́nu ìgò. Mo yọ ìyapẹ́ẹ̀sì, mo gbọ́ ọ láti súpíkà. Ní-kẹ́. Bí-sí. Wálé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń jẹ́ òkè méjì lè dáhùn. Ojú tì mí. Súpíkà fóònù tí mo fi sí i kò ju èékánná lọ. Irú rẹ̀ kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀, èmi ni mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ní orin fóònù àwọn ò nípọn mọ́. Lédè míì, bóyá à bá gbójú fò ó. Lédè tiwa, bí ohùn ìsàlẹ̀ bá sọnù, ìyàwó ẹlòmíràn lo pè.

Mo pe Bàbá lórí fóònù, mo ṣàlàyé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"A fún un lẹ́nu, a ò fún un níkùn. Bí ẹṣin bá dáni, gígùn là ń tún un gùn. Máa bọ̀. Kẹ̀kẹ́ èédú tó yẹ kó máa tẹ̀lé e lẹ́yìn, mi ò tíì kàn án. Màá kàn án lónìí, màá sì jẹ́ kó ní ikùn."

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àpótí pákó kékeré kan ti wà lórí kẹ̀kẹ́ mẹ́rin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rédíò Bàbá wà nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí. Èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn láràárọ̀ ni. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ yọ súpíkà rẹ̀.

"Bàbá, mo lè ra súpíkà míì ní Láfẹ́nwá."

"Eléyìí ti mọ ilé yìí," ni wọ́n wí. "Ìròyìn tí mo ń fẹ́ ò sí nínú rédíò yẹn tẹ́lẹ̀."

Mo kì í sínú àpótí, mo dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, mo yọ́ àbẹ́là yí etí rẹ̀ ká kí afẹ́fẹ́ má jò. A ò dán an wò nínú ilé. Abẹ́ máńgòrò ni a ti dán an wò, wúyẹ́wúyẹ́, Bàbá sì gbé etí lé ilẹ̀.

Ọjọ́ Iléyá pé. A ti kírun dé, wọ́n ti pa àgbò, wọ́n ti kun ún. Ẹran kún àwo ńlá ní pálọ̀, àwọn àbúrò bàbá mi àti ọmọ wọn jókòó yí i ká, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn yàrá pa dé. Bàbá ṣẹ́jú sí mi.

Mo tan ọkọ̀.

Fàkàfìkì, fàkàfìkì. Ó rọra lọ, torí kẹ̀kẹ́ èédú wúwo, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ó nípọn, ó pẹ́. Òkè tẹ̀lé e, òkè tún tẹ̀lé e. Kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún yí ká. Àlíyà ti di ọwọ́ mi mú. Ó tún fọn ọ́n, À-ní-kẹ́, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Màmá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan lára ògiri. Wọ́n ti wọ aṣọ ọdún. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n wọ̀ ọ́? Wọ́n yí orí tẹ̀lé ọkọ̀ bó ṣe ń lọ, bí ẹni tó ń wò ó.

"Ẹ ti dé orí afárá," ni wọ́n wí.

Bàbá yọ awò ojú wọn.

"Ta ló wà nídìí iná?" Màmá gbóhùn sókè díẹ̀. "Ẹ gbé omi kaná. Bàbá yín ti dé, wọn ò tíì wẹ̀."

Màmá mi sáré gbé omi kaná lóòótọ́. Bàbá ń nu awò ojú wọn, wọ́n ń tún un nù. Wọ́n ní eérú èédú ló kó sí àwọn lójú. Màmá rìn bọ̀ wá, wọ́n ń tẹ̀lé ohùn ọkọ̀ títí wọ́n fi kan àga, wọ́n jókòó, wọ́n na ọwọ́ sínú àwo ẹran, wọ́n fọwọ́ wò ó yíká.

"Ta ló ti gé nínú ẹran yìí?"

Gbogbo wa wo Bàbá.

"Bàbá Ràṣídì."

"Ẹ̀dọ̀ lásán ni," ni Bàbá wí.

"Bí ọsàn ṣe jẹ́ ọsàn lásán."

Bí a ṣe ń padà sí Adígbẹ nírọ̀lẹ́, Àlíyà gbórí lé mi lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo rò pé ó ti sùn.

"Mọ́mì, ta wá ni Bísí?"

Mo ní, "Bísí ni Àníkẹ́ tí a ò pè tán."

"Bísí ọlọ́sàn ńkọ́?"

"Ìyẹn, bi Bàbá Àgbà léèrè nígbà tí Màmá ò bá sí nítòsí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó wá ní kí ló dé tí Màmá fi jẹ́ kí ọkọ̀ pe àwọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó jáde. Mo sọ fún un pé àkọ́kọ́, wọ́n ń gbọ́ bóyá orúkọ wọn ló ń pè. Ìkejì, wọ́n kàn fẹ́ tún un gbọ́ ni.